Ta Ni Ó Wà Nínú Awọ Ìnàkí? Òǹwòran àti Sinimá Késárì

Inú ìwé ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ọ̀rọ̀ tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì àgbà pé kí wọ́n ṣàlàyé ipò tí ẹranko wà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá ìtàn nínú lítírésọ̀ Yorùbá. Ohun tí a máa ń kọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ wọn kọ: pé ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Ìjàpá, pé ìfohunpènìyàn ni a fi gbé e kalẹ̀, pé ẹ̀kọ́ ìwà ni àlọ́ rẹ̀ wà fún. Ọ̀kan nínú wọn kò dúró síbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ẹranko inú àlọ́ àti ìnàkí tí ń sọ̀rọ̀ nínú sinimá òyìnbó tí a ń pè ní Planet of the Apes kò yàtọ̀ sí ara wọn, nítorí pé bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe ṣe. Òwe náà bọ́ sí i, ẹ̀rín sì pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fi gègé pupa tọ́ka sí ibi tí ó ti ṣì í, mo rí i pé èmi alára kò lè fi gbólóhùn kan sọ ìyàtọ̀ náà. Ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ nígbà tí ìdánwò parí, tí a sì jọ wo sinimá náà nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa ní Àgbádárìgì.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ìran tí sinimá yìí ti ṣẹ̀ wá. Pierre Boulle, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ ìwé rẹ̀ ní 1963. Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ di sinimá ní 1968, wọ́n sì fi mẹ́rin mìíràn tẹ̀ lé e láàárín 1970 sí 1973. Tim Burton gbìyànjú láti sọ ọ́ jí ní 2001, ṣùgbọ́n kò ní àtẹ̀lé. Ní 2011 ni Rupert Wyatt tún ìtàn náà dá sílẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Matt Reeves darí ti 2014 àti ti 2017, Wes Ball sì ṣe ti 2024. Nínú ti 1968, ènìyàn tí ó wọ ìbòjú ni ìnàkí, iṣẹ́ ìbòjú náà sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀bùn ọ̀tọ̀ dá John Chambers tí ó ṣe é lọ́lá níbi Oscar. Nínú ti 2011, kò sí ìbòjú, kò sì sí ìnàkí kankan. Òṣèré tí ń jẹ́ Andy Serkis ni ó ṣe eré náà pẹ̀lú àmì tó-tò-tó lójú, tí kámẹ́rà kékeré sì so mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣẹ́ Weta Digital ní Niu Silandi fi kọ̀ǹpútà da irun, awọ àti iṣan ìnàkí bò ó. Èyí tí ó tún ìtàn dá sílẹ̀ yìí ni a wò.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ń wá oògùn àìsàn ìgbàgbé tí ń ṣe baba rẹ̀. Ó dán an wò lára abo ìnàkí kan. Ọmọ tí ìnàkí náà bí sì jogún ọpọlọ tí ó jí pépé. Ọmọ náà ni Késárì. Inú ilé ènìyàn ni ó dàgbà sí, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ bí odi. Ní ọjọ́ kan, tòun ti okùn lọ́rùn, ó pàdé ajá kan tí okùn wà lọ́rùn òun náà, ó sì bi ẹni tí ó tọ́ ọ bóyá ẹran ọ̀sìn ni òun. Gbọ̀ngàn dákẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń fi ìfé dá ara wọn lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ kò fọhùn mọ́. Lẹ́yìn èyí, Késárì bá aládùúgbò kan jà nítorí bàbá àgbà inú ilé, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé àgò, níbi tí ọmọkùnrin olùṣọ́ kan ti ń fi omi ẹ̀rọ nà án, tí ó sì ń fi ọ̀pá oníná gún un. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín nígbà tí omi ba Késárì. Kò sí ẹni tí ó bá a rín in, òun náà sì wolẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu Késárì. Ó di ọwọ́ olùṣọ́ náà mú, ó sì pariwo lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun kò gbà. Ariwo tí ó sọ ní gbọ̀ngàn wa, àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n sinmi, mo bi wọ́n pé bí ó bá jẹ́ èdè wa ni Késárì gbọ́, kí ni ì bá wí? Àwọn kan ní “Rárá” ni. Ọmọbìnrin kan takò wọ́n pé ẹni tí a bi léèrè ni ó ń dáhùn pé “Rárá”, kò sì sí ẹni tí ó bi Késárì ní nǹkan kan. Òmíràn ní “Ó tì”. Wọ́n fà á títí, kí ọmọbìnrin náà tó sọ pé “Mo kọ̀” ni. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ń múra ìdánwò kíyè sí ìdí rẹ̀. “Rárá” lè dá dúró láìní olùwà, ṣùgbọ́n “kọ̀” kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò bá kọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wí pé “mo”. Ohun tí gbogbo ìdajì àkọ́kọ́ sinimá náà ń bèèrè ni bóyá Késárì jẹ́ ẹni tí ó lè wí pé “mo”. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn rẹ̀, òǹwòran ni yóò fọkàn fi olùwà kún un. Èdè wa kò ní gbà kí a fi olùwà náà pamọ́.

N kò ní purọ́ fún òǹkàwé pé gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn. Olùkọ́ kan tí ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí dìde kúrò kí sinimá náà tó parí. Nígbà tí mo lọ bá bàbá náà láti tọrọ gáfárà, ó ní ojú ọ̀nà Gbẹ̀rẹ̀fù, níbi tí wọ́n ti ń kó ènìyàn sọdá ọ̀sà lọ sínú ọkọ̀ ojú omi láìpadà, ni ilé-ìwé wa wà. Ó ní ọ̀bọ ni àwọn tí ń ra ènìyàn ní ọjà Vlekete ń pe àwọn tí wọ́n rà. Ó wá bi mí pé kí ni mo rò tí mo fi kó àwọn ọmọ jọ láti wá máa hó fún ìnàkí tí òyìnbó so mọ́lẹ̀, bí ẹni pé ìtàn tiwọn ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé àgbàlagbà ni kò gbádùn sinimá.

Ohun tí bàbá náà rí wà níbẹ̀ ní tòótọ́, àwọn tí ó ṣe sinimá ti ìgbà àkọ́kọ́ sì mọ̀ ọ́n. Nínú èyí tí ó jáde ní 1972, ẹrú gan-an ni àwọn ìnàkí. A ń kó wọn wọ ìlú, a ń tà wọ́n ní gbàǹjo, gómìnà ni ó sì ra Késárì ti ìgbà náà lórí àtẹ. J. Lee Thompson tí ó darí rẹ̀ wo àwòkọ́ṣe lára rògbòdìyàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Watts, ní ìlú Los Angeles, ní 1965. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn òǹwòran kan láti fi dán an wò, ìparí rẹ̀ le jù fún wọn. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín tún un gé, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ àánú sí Késárì lẹ́nu ní ìparí. Èyí tí a tún dá sílẹ̀ ní 2011 ti mú àtẹ gbàǹjo kúrò pátápátá. Yàrá ìwádìí oògùn ni ó rọ́pò ọjà. Owó tí ó pa káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 480 dọ́là, mo sì rò pé ìyípadà yìí wà lára ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó ń wo ti 1972 lè rí baba ńlá ara rẹ̀ láàárín àwọn tí ń ná ọjà. Ẹni tí ó ń wo ti 2011 kò rí ẹnìkan tí ó jọ òun àfi Késárì, nítorí náà ó rọrùn fún un láti sunkún. Ẹkún ọ̀fẹ́ ni. Ní tèmi, ti 2011 ni eré rẹ̀ dára jù, ti 1972 sì ni ó nígboyà jù. Bàbá náà kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn ẹrú, kí ó fi ènìyàn sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọmọ tí ó fi òwe pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú àlọ́, Ìjàpá kò di ènìyàn rí, nítorí pé kò sí ìgbà kan tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní Yánníbo láya, ó ní àna, ó ń jẹ gbèsè, kò sì sí ọmọdé tí yóò bèèrè bí ó ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ̀dá inú ìwé Fágúnwà tún yàtọ̀. Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, kì í ṣe ẹranko, kì í ṣe ènìyàn. Ibi tí ayé ọdẹ parí sí ni ó dúró. Késárì kò sí nínú ìran méjèèjì. Bí a bá fẹ́ wá ìbátan rẹ̀, agbo eégún alárìnjó ni kí a yà sí, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀jẹ̀ tí ń pa idán.

Kò sí apidán tí kò mọ ẹranko í dà. Ọ̀nì wà, erè wà, ẹkùn wà, ọ̀bọ àti ìnàkí sì wà láàárín wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn ìwáṣẹ̀ eégún pàápàá so ó mọ́ ìjímèrè. Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yìí kan náà ní ìparí 1825, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1826, Aláàfin sì ní kí wọ́n ṣeré fún un. Ó rí erè tí ó ń wọ́ kiri agbo. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó kan jáde, tí ó ń fa aáṣáà símú, tí ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òǹwòran ń yíjú sí òun àti àwọn ènìyàn òun, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wò ó dáadáa. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó wà ní agbo náà tí kò mọ̀ pé ọ̀jẹ̀ ni. Bí ó ṣe rìn ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n sì pe ẹni tí ó ni ìrìn náà wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Ojú yìí gan-an ni àwọn ọmọ mi fi wo Késárì. Wọn kò bi mí bóyá òótọ́ ni. Wọ́n ń bi mí pé, “Tísà, ta ni ó wà nínú rẹ̀?” Ọmọ Ègùn kan ní tòun, Sàńgbétò ni ó jọ: a dojú rẹ̀ dé lójú agbo, a kò bá ènìyàn, ó lè jẹ́ ọmọ ọ̀nì kékeré kan ni a óò bá nílẹ̀. Lójú rẹ̀, bí a bá tú ìnàkí kọ̀ǹpútà wò, òfìfo ni. Mo já a nírọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Òun ni ó fi ọwọ́ ba ibi tí ó ń dun àwọn òyìnbó fúnra wọn, nítorí pé ìjà tí wọ́n ń jà ni pé ta ni ó ni Késárì, ṣé òṣèré ni tàbí oníkọ̀ǹpútà. Sinimá mẹ́ta ni Serkis fi ṣe Késárì. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n yan iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún Oscar láìgbà á, wọn kò sì yan Serkis fún ẹ̀bùn òṣèré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn agbégijó kò ní irú ìjà yìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà gba ìyìn ère, ọ̀jẹ̀ gba ìyìn ijó, orúkọ idán sì jẹ́ ti agbo.

Ibi tí àwọn tí ó ni Késárì ti ya kúrò lọ́nà wa ni pé wọ́n ká aṣọ eégún sókè fúnra wọn kí ọjà wọn lè tà. Àwòrán Serkis nínú aṣọ eléérú wà káàkiri. Mo fi ọ̀kan han kíláàsì lẹ́yìn tí a wò ó tán. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn kan ní mo ti ba adùn rẹ̀ jẹ́. Bí mo bá tún un ṣe lọ́la, n ó dúró di ọ̀sẹ̀ kejì.

Wọ́n béèrè nípa ẹyẹ àkàlà inú Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn ti wò nílé. Wọ́n bú ẹyẹ náà pé kò fò bí ẹyẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò rò pé kọ̀ǹpútà ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ẹyẹ náà jí òkú, ó fi àdó sílẹ̀, ó sì lọ. Ìtàn kò fún un ní ohun kan tí yóò fẹ́ tàbí tí yóò kọ̀. Ara Saro ni gbogbo ìfẹ́ inú eré náà wà. Bí wọ́n bá fi owó Weta ṣe ìyẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ni a óò yìn.

Mo ti dá ìwé ìdáhùn ọmọ náà padà fún un. Ó gba 7 nínú 10. Mo fún un ní máàkì lórí òwe, mo sì fún un lórí ìgboyà. Mẹ́ta tí mo yọ, mo yọ ọ́ nítorí pé ó sọ ohun tí Késárì jọ láìsọ ohun tí ó ṣe nínú ilé àgò náà lẹ́yìn tí ó kọ̀.