Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Funfun ní Le Bourget

Àwọn àgbà ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní Le Bourget, ní àríwá Paris, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ òfuurufú tí ilẹ̀ Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 1919 kún fún irú ìran bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn àbẹ̀wò síbẹ̀ máa ń yà tààrà sọ́dọ̀ àwọn Concorde méjì àti àwòṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane. Kò burú: ohun tó tóbi ló ń kọ́kọ́ fa ojú mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní èrò tèmi, ẹni tó bá mọ síbẹ̀ kò tíì mọ ilé náà.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ni ẹsẹ̀ onítáyà kan. Ní ọjọ́ 8, oṣù karùn-ún, ọdún 1927, Charles Nungesser àti François Coli gbéra ní Le Bourget nínú L'Oiseau Blanc, ìyẹn Ẹyẹ Funfun, wọ́n dorí kọ New York. Bí wọ́n ti kúrò nílẹ̀, wọ́n tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà jù sílẹ̀ kí ó lè fúyẹ́, nítorí orí omi ni wọ́n pinnu láti bà sí. A kò rí wọn mọ́ títí di òní. Lẹ́yìn ọjọ́ 13, Charles Lindbergh fi wákàtí 33 àti ààbọ̀ fò láti New York, ó sì bà sí pápá kan náà. Ọkọ̀ aṣẹ́gun wà ní Washington; ẹsẹ̀ àwọn tó sọnù ni Le Bourget tọ́jú. Lójú mi, èyí ló kọ́ni jù, nítorí ó sọ ohun tí ẹ̀dá san kí òfuurufú tó di ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí, a lè fi ojú mìíràn wo Concorde. Èyí tó dàgbà jù nínú méjèèjì kọ́kọ́ fò ní ọdún 1969. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 1973, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé e ní Las Palmas. Wọ́n ti dá fèrèsé sí òrùlé rẹ̀. Wọ́n sì bá òjìji òṣùpá sáré lórí ilẹ̀ Mali àti Niger títí wọ́n fi bà sí ilẹ̀ Chad. Ẹni tó wà nílẹ̀ kò lè rí òkùnkùn náà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 lọ. Àwọn ará inú ọkọ̀ rí i fún ìṣẹ́jú 74.

Àríwísí mi sí ilé náà nìyí: ìtàn ẹni tó fò lókè ń bo ìtàn ẹni tó gbójú sókè láti ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀run Áfíríkà wà nínú ìtàn Concorde yẹn gan-an.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹsẹ̀ yín bá dé ibẹ̀, ẹ má ṣe yàwòrán nìkan kí ẹ sì máa lọ. Ẹ bi ohun kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì: ta ló san gbèsè rẹ, orí ta ni o sì fò kọjá?