Ìfọkànsìn

Ọ̀nà rélùwéè láti Èkó dé Kánò ní 1912, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá dé Sabon Gari. Ní àdúgbò ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, sìn, ni ó bá iṣẹ́ àti ẹ̀sìn mu: ẹni tí ó ń sin ìjọba ń sin Ọlọ́run pẹ̀lú. Bíbọ ni a ń bọ Ògún tí ó ni irin. Ẹbọ ni ìyẹn ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n láti inú “fi ọkàn sìn” ni a ti ṣẹ̀dá ìfọkànsìn, ọkàn sì ni ẹrù rẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ ti sọ ọ́ di orúkọ àdúrà òwúrọ̀ lásán: “ìfọkànsìn ti parí, iṣẹ́ yá.” Ìlò yìí kù díẹ̀ káàtó. Awakọ̀ ojú irin tí iṣẹ́ òru gbé lọ, tí kò bá ará ilé kúnlẹ̀ láàárọ̀, ṣé kì í ṣe olùfọkànsìn mọ́ ni? Olùfọkànsìn ni Bíbélì Yorùbá pe Kọ̀nílíù, balógun ọ̀rún. A kò sì kà á níbẹ̀ pé ó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀.