Ìṣápá àti Kíkan Rẹ̀

Ìṣápá, tí àwọn kan ń pè ní amúkan, bá ilá àti òwú tan, ẹni tí ó bá sì ti rí òdòdó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìbátan yìí. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ láàárín wọn ni kíkan: ewé rẹ̀ kan, èèpo tí ó bo èso rẹ̀ sì kan jù bẹ́ẹ̀ lọ, débi pé ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ní tútù, eyín lè kan án. Orí kíkan yìí ni gbogbo iṣẹ́ ìṣápá dúró lé, láti oko títí dé inú ife, ẹni tí ó bá sì fi omi fọ̀ ọ́ nù pátápátá, tàbí tí ó fi ṣúgà bò ó mọ́lẹ̀, ti da ohun tí ó tìtorí rẹ̀ gbìn ín nù.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Ìṣápá funfun, tí kò funfun ní ti gidi bí kò ṣe pé ó jọ àwọ̀ ewé tí ó ti ń ṣá, ni ti ọbẹ̀. Ìṣápá pupa, tí ó máa ń sún mọ́ dúdú bí ó bá gbẹ, ni ti sóbò, orúkọ tí Yorùbá yá lọ́wọ́ àwọn Haúsá pẹ̀lú ohun mímu náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òdòdó ni wọ́n ń fi ṣe sóbò, ṣùgbọ́n òdòdó ìṣápá kì í pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ: ó là ní òwúrọ̀, ó rọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì já bọ́. Èèpo ẹlẹ́ka márùn-ún tí ó gba òdòdó náà dúró láti ìsàlẹ̀ ni ó ṣẹ́kù. Òun ni ó ń wú, tí ó ń nípọn, tí ó sì ń pa ẹnu pọ̀ mọ́ èso tí ó wà láàárín rẹ̀ bí ìka ọwọ́ tí ó di ẹyin mú. Èèpo yìí ni wọ́n ń jẹ, òun náà ni wọ́n ń mu.

Ìṣápá mọ ìgbà ju ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn lọ, nítorí pé kì í tanná títí ọ̀sán yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Bí àgbẹ̀ bá kánjú gbìn ín nínú oṣù Ẹrẹ́nà, yóò kàn máa ga ni, yóò ga ju ẹni tí ó gbìn ín lọ, láìsí ohun mìíràn lára rẹ̀ ju ewé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbìn ní ìparí oṣù Òkúdu tàbí nínú oṣù Agẹmọ yóò tanná ní oṣù Ọ̀wàrà lórí igi tí ọwọ́ ṣì tó. Hóró mẹ́ta sí ihò kan ti tó, kí wọ́n sì fa àwọn tí kò lágbára tu lẹ́yìn náà, kí àyè bí ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta lè wà láàárín igi kan àti èkejì. Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí kò bá a lára mu, àpọ̀jù ajílẹ̀ a sì máa sọ ọ́ di eléwé lásán. Kí ó tó tanná, ẹni tí ó bá ń já ọ̀mùnú rẹ̀ sínú ọbẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá, nítorí pé ibi tí wọ́n bá ti já a ni ó ti ń yọ ẹ̀ka tuntun, orí ẹ̀ka náà ni òdòdó yóò sì jókòó sí.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí òdòdó bá ti já bọ́ ni kíká rẹ̀ máa ń tó. Òwúrọ̀ dára jù, nígbà tí èèpo náà ṣì le tí ó sì ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ìyọnu ibẹ̀ ni irun wẹ́wẹ́ ara èso, tí ń gún ọwọ́, tí kì í sì í tètè ṣeé yọ. Wọ́n á fi ọ̀bẹ yí ìdí rẹ̀ ká, wọ́n á fi àtàǹpàkò ti èso náà jáde láti ìsàlẹ̀, èèpo á sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ bí ife pupa kékeré tí ìdí rẹ̀ ti lu. Àwọn ife wọ̀nyí ni wọ́n ń sá sórí ẹní tàbí atẹ títí wọn yóò fi gbẹ, bí kílò mẹ́wàá tútù sì ni ó ń di kílò kan gbígbẹ. Ẹni tí ó bá sá a sí etí títì kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí ẹnu yà bí ó bá rí iyanrìn nínú ife.

Ní ti ọbẹ̀, wọ́n á bọ ìṣápá funfun, wọ́n á da omi àkọ́kọ́ nù, wọ́n á sì fún un gbẹ kí ó tó wọ inú ẹ̀gúsí àti irú. Àwọn kan a máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, títí yóò fi dà bí òwú lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì tó, nítorí pé ọ̀rá ẹ̀gúsí ń fẹ́ ohun tí yóò gé e, kíkan tí ó ṣẹ́kù yẹn gan-an ni ó sì ń mú kí iyán máa wọlé.

Ti pupa yàtọ̀, nítorí pé omi rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàn án kíákíá nínú omi tútù kí erùpẹ̀ lè kúrò. Lẹ́yìn náà, ìkúnwọ́ kan sí nǹkan bí lítà omi kan. Ìkòkò tánńganran tàbí ti gíláàsì ni ó yẹ, nítorí pé ohun kíkan a máa jẹ ara ìkòkò alumíníọ́mù. Ọ̀pọ̀ olùtà ń sè é títí pẹ̀lú ata ilẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, èyí kò sì burú fún sóbò tí wọ́n fẹ́ mu ní tútù níbi ayẹyẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ adùn ìṣápá fúnra rẹ̀ yóò ṣe é bí tíì: yóò da omi híhó lé e, yóò dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì mu ún ní gbígbóná láìfi ṣúgà sí i, tàbí kí ó fi oyin ṣíbí kékeré kan sí i. Bí ó bá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, pupa rẹ̀ á mọ́lẹ̀ sí i. Bí ó bá sì bu díẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó kán omi káún sí ìyẹn, àwọ̀ náà á yí padà di dúdú tí ó fẹ́ jọ aró. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn eré yìí púpọ̀. Kí ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bi dókítà rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ di ohun mímu ojoojúmọ́.

Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ń pè é ní bissap, àwọn ará Sudan àti Íjíbítì ń pè é ní karkade, ohun mímu Kérésìmesì sì ni ní Jàmáíkà, nítorí pé ìgbà yẹn ni ó máa ń gbó. Èyí tí ó jọ ti ilé jù lọ ni ti ìpínlẹ̀ Maranhão ní Bràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń fi ewé kíkan rẹ̀, yànmọ̀tí àti edé gbígbẹ se ohun tí wọ́n ń pè ní cuxá: ohun kíkan pẹ̀lú hóró ọlọ́ràá, gẹ́gẹ́ bí ìṣápá pẹ̀lú ẹ̀gúsí.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i fi igi méjì sílẹ̀ láìká èso orí wọn, títí èso náà yóò fi gbẹ tí ẹnu rẹ̀ yóò sì là fúnra rẹ̀. Hóró tí ó wà nínú ìwọ̀nba èso orí igi méjì yẹn yóò tó o gbìn títí yóò fi fún aládùúgbò rẹ̀ nínú rẹ̀.