Ọwọ́ Ọ̀jáfáfá Lára "Nice"

Bí a bá sọ fún ènìyàn lónìí pé ó "nice", inú rẹ̀ á dùn. Ní nǹkan bí ọdún 1300, èébú ni. Òmùgọ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti yá a, látinú "nescius" èdè Látìn, ìyẹn aláìmọ̀kan. Nígbà tó yá, ó di ẹni tí nǹkan kì í tètè tẹ́ lọ́rùn, ó di ohun tó ṣe régí, kó tó wá di ohun tó dára láàárín ọdún 1700 sí 1800.

Àwọn tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford ló tọ ipasẹ̀ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wù mí. James Murray, olùkọ́ kan láti Scotland, ló gba àkóso iṣẹ́ náà ní 1879. Ó rọ àwọn òǹkàwé kí wọ́n máa fi ègé ìwé pélébé ránṣẹ́: ọ̀rọ̀ kan ní igun òkè lápá òsì, ọdún, orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé ìwé, ojú ìwé, àti gbólóhùn tí wọ́n ti rí i. Ègé ìwé wọ̀nyí wọlé ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Àwọn ọmọ Murray ń bá a tò wọ́n ní ABD, ó sì ń fún wọn ní owó díẹ̀díẹ̀.

William Craigie ló bójú tó abala N, níbi tí "nice" wà. Nínú ìwé yìí, ìtumọ̀ tó wọ́pọ̀ jù kọ́ ló ń ṣíwájú; èyí tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ jókòó. Ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn tó ń jẹ́rìí sí i, tòun ti ọdún rẹ̀. Níbi tí ẹ̀rí ti dàrú, ìwé náà kò purọ́: ó ní nínú ọ̀pọ̀ gbólóhùn tí "nice" wà láàárín 1500 sí 1700, ó ṣòro láti mọ ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn gan-an. Ẹni tí kò mọṣẹ́ ì bá ti fi ipá mú ìtumọ̀ kan lé e lórí.

Apá àkọ́kọ́ jáde ní 1884, èyí tó kẹ́yìn ní 1928. Murray ti kú ní 1915. Iṣẹ́ náà kò dúró. Ní 2020, "danfo" àti "tokunbo" wọlé, àwọn náà pẹ̀lú ẹlẹ́rìí wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lẹ́nu àgbà, ẹ kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ lódindi, kí ẹ fi ọdún àti orúkọ ìlú sí i.