Ìfẹ́ Tí Ó Wọ Aṣọ Ṣọ́jà: A Gbé Ìwé Sozaboy Yẹ̀ Wò

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ kéwú ti túká, ọmọbìnrin kan tí ó ti kàwé lọ́dọ̀ wa rí dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ṣọ́jà kan ni ó ń fẹ́ ẹ, wọ́n sì ti gbé ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sójú ogun ní Bọ̀rọ̀nú. Láti inú àgọ́ ni ó ti ń pè é lórí fóònù pé kí ó dúró de òun. Ọmọ náà ní: "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?" A kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìwé kan ni ó sọ sí wa lọ́kàn, òun náà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin èwe Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí yẹ̀ wò lónìí.

Àwa ará Ìyànà Ìbà kò ṣàjèjì sí ṣọ́jà. Bárékè Ọ̀jọ́ kò jìnnà sí wa. Aṣọ wọn ni a ń rí nínú ọkọ̀ àti lọ́jà, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin sì máa ń wo aṣọ náà bí ẹni wo ilé olódi.

Ken Saro-Wiwa, ọmọ Ògóní tí ìjọba ológun yẹgi fún ní November 10, 1995, ni ó kọ Sozaboy. Ọdún 1985 ni ìwé náà jáde. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ pe èdè inú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì jíjẹrà. Kò dárúkọ ogun tí ó ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kà á tí kò ní mọ̀ pé ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 ni.

Méné, ọmọ ìlú Dukana, ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀. Ó pàdé Agnes ní ilé ẹmu kan ní Diobu, Port Harcourt. Agnes sọ fún un pé ọkùnrin tí ó lè gba òun sílẹ̀ bí wàhálà bá dé ni òun fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wọ Méné lára. Ó fẹ́ Agnes, ó sì lọ wọ iṣẹ́ ṣọ́jà. Nínú àgọ́, nínú ẹrẹ̀ àti ebi, ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára Agnes àti ìyá rẹ̀.

Ibi tí a ti yin òǹkọ̀wé nìyí: kò parọ́ fún wa pé ìfẹ́ ìlú ni ó lé ọmọ náà lọ sógun. Ó fẹ́ kí ojú obìnrin kan rí òun bí akọni ni, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí kò gbọ́n ni ó ń pe ogun, tí ó ní bí ogun bá dé òun yóò sá wọ yàrá ìyá òun. Nígbà tí Méné padà dé Dukana, kò bá ìyá, kò bá aya. Bọ́ǹbù ti pa àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó lọ kọ́ bí a ṣe ń gbani sílẹ̀ kò sí nílé lọ́jọ́ tí wàhálà dé.

Ṣùgbọ́n a ní ẹjọ́ kan bá ìwé náà rò. Ẹnu Méné nìkan ni a ti ń gbọ́ ìtàn. A rí ẹwà ara Agnes ju inú rẹ̀ lọ. A mọ ohun tí ọkùnrin náà ń rò lágọ̀ọ́. A kò mọ ohun tí obìnrin náà ń rò nílé. Àìsàn yìí ti pẹ́. Àwa olùkọ́ Lárúbáwá mọ Antara ọmọ Shaddad, akéwì àti jagunjagun ṣáájú ìsìláàmù, ọmọ ẹrúbìnrin. Lójú ogun ni ó ti ń ké sí Abla nínú ewì. Òun náà fẹ́ fi ogun ṣe sàdáàkì. A gbọ́ ohùn Antara títí. Ta ni ó gbọ́ ti Abla?

Ẹni tí ó tẹ́tí ni Sàyídínà Úmárù. Ìtàn sọ pé ní òru ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí obìnrin kan ń dárò nítorí ọkọ rẹ̀ tí ó wà lójú ogun. Ó lọ bi Hafsatu ọmọ rẹ̀ léèrè bí obìnrin ṣe lè mú un mọ́ra tó. Àwọn kan ní oṣù mẹ́rin ni èsì, àwọn mìíràn ní mẹ́fà. Ó sì pàṣẹ pé kí a má ṣe dá ṣọ́jà dúró lójú ogun ju ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí Sozaboy kò ní nìyẹn: ẹni tí yóò bi obìnrin léèrè.

Nítorí náà a kò sọ fún ọmọ wa pé kí ó kọ ṣọ́jà, a kò sì ní kí ó jókòó sídìí fóònù láìní gbèdéke. A ní kí ọkùnrin náà rán àwọn ẹbí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, kí a mọ ìgbà tí yìgì yóò so, kí òun náà sì sọ tẹnu rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. A yá a ní ìwé náà. Nígbà tí ó dá a padà, ó ní: "Ààfáà, Agnes kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀." Ọmọ náà kàwé jù wá lọ.

Kí Ọlọ́run Ọba dá àwọn ọmọ wa tí ó wà lójú ogun padà ní àlàáfíà. Àmín.