Ǹjẹ́ Ilé-Ìwé Ni Ó Dá Ìgbà Èwe Sílẹ̀?

Nínú àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe, èyí tí Philippe Ariès, ará ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 1960 ni ó gba iwájú. Ó ní ní Yúróòpù àtijọ́, a kò ka ìgbà èwe sí ìgbà kan lọ́tọ̀. Bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 7, àárín àgbà ni ó ń wọ̀: iṣẹ́ wọn ni iṣẹ́ rẹ̀, eré wọn ni eré rẹ̀. Ó fi àwọn àwòrán àtijọ́, tí a ti ya ọmọdé bí àgbà kúkúrú, ṣe ẹ̀rí. Lójú rẹ̀, ilé-ìwé àti ìdílé òde òní ni ó ya ọmọdé sọ́tọ̀.

Neil Postman, ará Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà yìí ní 1982. Ó ní ìwé títẹ̀ ni ó fi àṣírí àgbà pamọ́ fún ọmọdé tí kò tí ì mọ̀wé kà. Tẹlifíṣọ̀n, tí kò béèrè ẹ̀kọ́ kankan lọ́wọ́ òǹwòran, ni ó tú àṣírí náà síta, tí ìgbà èwe fi ń parẹ́.

Iṣẹ́ méjèèjì kún fún ọgbọ́n, ṣùgbọ́n àléébù kan náà ni wọ́n ní: wọ́n fi ìwé ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a fi èdè wa wò ó. Kí ìwé tó dé ni Yorùbá ti ń dárúkọ ìkókó, ọmọ-ọwọ́, màjèsín àti ọ̀dọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A sì ní bojúbojú tí ó jẹ́ eré ọmọdé. Àgbà tí kò fojú kan ìwé rí mọ bí a ti ń fi ẹnà bo ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọdé lójú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: òwe yìí ya ọmọdé sọ́tọ̀, ó sì tún so òun àti àgbà pọ̀ nínú iṣẹ́. Nítorí náà, pé ọmọdé ń bá àgbà ṣiṣẹ́ kò fi hàn pé a kò mọ̀ ọ́n ní ọmọdé. Linda Pollock pàápàá, tí ó yẹ ìwé-ìrántí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà wò láti 1500 sí 1900, ta ko Ariès ní 1983.

Èyí kò ní kí a máa pọ́n àtijọ́ lé. Ọmọ tí a fi ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè tí kò jẹ kò ráyè ṣe bojúbojú. Níhìn-ín ni Viviana Zelizer ti wúlò. Ní 1985, ó ṣàlàyé bí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1870 sí 1930, ti kúrò ní ẹni tí ń mú owó wọlé di ẹni tí a ń náwó lé, tí ìfẹ́ rẹ̀ kò sì ṣe é díye lé. Ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955: ọwọ́ tí ń bá baba ro oko di ọwọ́ tí ń mú gègé.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá mọ ìgbà èwe. Kí ó béèrè irú ìgbà èwe tí ó lọ, irú èyí tí ó dé, àti ẹni tí ó jèrè rẹ̀. Ọmọ tí ń kiri ọjà lẹ́yìn ilé-ìwé lónìí ń gbé nínú méjèèjì. Òṣùwọ̀n tí kò bá gba tirẹ̀ kò pé.