Omi Ìgbàgbé: Àríwísí lórí Ìtàn tí A Ń Pa ní Àgbádárìgì

Ọdún 1983 ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ilẹ̀ Ọ̀jọ́ ni ọgbà rẹ̀ tí ó tóbi jù sì wà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìbà, tí ó kọjá Òkókómáíkò, tí ó sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ojú ọ̀nà kan náà ni yóò gbé e dé Àgbádárìgì. Ọ̀nà yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ ilé-ìwé máa ń gbà lọ wo ibi tí a ti ń ta ènìyàn láyé àtijọ́. Wọn a lọ ní òwúrọ̀, wọn a padà ní ìrọ̀lẹ́, wọn a sì mú ìtàn kan bọ̀ wálé. Ìtàn náà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Ohun tí a ń fi ẹnu sọ fún àlejò lójoojúmọ́ kò yàtọ̀ sí ìwé tí a tẹ̀: ó yẹ kí á yìn ín níbi tí ó bá ti dára, kí á sì bi í léèrè níbi tí ó bá ti mẹ́hẹ.

Kí á kọ́kọ́ sọ èyí tí ó dára. Ìtàn Àgbádárìgì jẹ́ ìtàn tí à ń fi ẹsẹ̀ rìn. A óò wo ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ní ilé Mobee, a óò dé ọjà Vlekete, a óò yọjú sí yàrá tóóró ní ilé Seriki Williams Abass, lẹ́yìn náà ni a óò wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí Gberefu. Níbẹ̀ ni a óò rìn lórí iyanrìn títí òkun yóò fi hàn. Kò sí ìwé tí ó lè jẹ́ kí ọmọdé mọ bí ọ̀nà náà ti gùn tó bí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti lè ṣe é. Ẹni tí ó to ìtàn náà báyìí mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé òkun, kànga kan wà lójú ọ̀nà. Àwọn atọ́nà a dúró níbẹ̀, wọn a sì sọ pé a máa ń fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n gbàgbé ẹni tí wọ́n jẹ́, kí wọ́n má baà ṣọ̀tẹ̀ nínú ọkọ̀. Àlejò a mi orí, a sì tẹ̀ síwájú. Níbẹ̀ gan-an ni èmi ti dúró lẹ́yìn, tí mo bèèrè pé: ta ni ó gbàgbé?

Ẹ jẹ́ kí á wo ọmọ kan tí a tà. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí ní Òṣoògùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí tí wọ́n fi gbé e sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní etí òkun Èkó ní ọdún 1822. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n sì gbé àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ní ọdún 1837, ọmọ yìí, tí a ti ń pè ní Samuel Crowther, kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ nínú lẹ́tà kan. Ní ọdún 1843, kí ó tó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀, ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní ọdún 1846, ó rí Afàlà ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Ẹni tí ó gbàgbé kò lè ṣe ìwé ọ̀rọ̀ èdè ìyá rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn lè sọ pé Àjàyí kò gba Gberefu kọjá, kò sì mu nínú omi kànga yẹn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará rẹ̀ tí a kó gba etíkun yìí lọ sí Brazil àti Kúbà ńkọ́? Títí di òní, ní Bàhíà àti Kúbà, wọ́n ń pe Ògún, wọ́n ń pe Ṣàngó, wọ́n ń pe Yemọja, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọrin sí wọn. Bí omi kan bá wà tí ń mú ènìyàn gbàgbé, agbára rẹ̀ kò ká àwọn wọ̀nyí.

Kí wá ni ìtàn kànga náà jẹ́? Lójú tèmi, àdúrà ẹni tí ó tà ni, kì í ṣe ìtàn ẹni tí a tà. Ẹni tí ó ta ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń fẹ́ kí ọmọ náà gbàgbé. Tótó ó ṣe bí òwe: ẹni tí ó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi kò ní kí a pa á tì. Kí a máa pa á nìṣó, ṣùgbọ́n kí atọ́nà sọ ẹnu ẹni tí ó ti jáde.

Àbùkù kejì tan mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìtàn méjì ni a ń pa ní Àgbádárìgì, bí ẹni pé ìlú méjì ni. Èkíní ni ti ẹrú. Èkejì ni ti ìgbàgbọ́: ti igi Agia tí a ti kọ́kọ́ wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1842, tí ìjì sì wó ní ọdún 1959, àti ti ilé alájà tí Gollmer kọ́ ní ọdún 1845. Ṣùgbọ́n Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845, ó sì lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là. Ọmọ tí a tà ni ó padà dé etí ọ̀sà kan náà. Lára ògiri ilé alájà a ń pè é ní olùtumọ̀ Bíbélì àti bíṣọ́ọ̀bù; létí kànga a kì í dárúkọ rẹ̀ rárá. Òun sì ni okùn tí ì bá so ìtàn méjèèjì pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Seriki Williams Abass. Ìdílé rẹ̀ sọ pé ọmọ Joga ní ilẹ̀ Yewa ni, pé àwọn ará Dàhòmì kó o ní èwe, pé ó dé Brazil, ó sì padà wá di oníṣòwò ẹrú. Ó kú ní ọdún 1919. Àwọn ìwé atọ́nà kan sì so ilé ẹrú rẹ̀ mọ́ ọdún 1840. Bí ó bá jẹ́ òun ni ó ni ilé náà nígbà yẹn, ọdún mélòó ni ó lò láyé? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá béèrè èyí kò gbọ́ ìtàn, ariwo ni ó gbọ́.

Àbùkù kẹta ni ó dùn mí jù. Gbogbo ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà ni ó ní orúkọ ní Àgbádárìgì. Iye ni àwọn tí a tà ní. Bẹ́ẹ̀ orúkọ wọn kò ṣègbé tán. Ní Freetown àti Havana ni a ti kọ orúkọ àwọn tí a gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú sílẹ̀. Àkójọ kan tí a ṣe láti inú ìwé wọ̀nyí ní ènìyàn 91,491 nínú. Ní ọdún 1854 ni Koelle tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn èdè Áfíríkà, ó sì dárúkọ àwọn tí ó bi léèrè ní Freetown, pẹ̀lú ìlú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí jẹ́ ti Yorùbá, ṣùgbọ́n etí àjèjì ni ó gbọ́ wọn, láìsí àmì ohùn. Bí akọ̀wé bá kọ «Ojo», ṣé Òjó tí a bí pẹ̀lú ìwọ́ lọ́rùn ni, tàbí ẹni tí ó ń dárúkọ Ọ̀jọ́ ìlú rẹ̀? Ta ni yóò tú u bí kì í bá ṣe àwa tí a ń kọ́ èdè yìí?

Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́, bẹ́ẹ̀ ni Ìbà. Ìtàn Àwórì sọ pé Ògúnfúnminírè tẹ̀lé àwo kan tí ó léfòó lórí omi, títí tí àwo fi rì ní Ìṣẹ́rí: àwo ti rì. Nínú orúkọ ni àwọn baba wọ̀nyí fi ìtàn wọn pamọ́ sí, ẹni tí ó bá sì pe orúkọ náà ti ń pa ìtàn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìtàn tí kò ní orúkọ fi jẹ́ àjèjì létí wa.

Nítorí náà, kí ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò ní Ìyànà-Ìbà nígbà mìíràn, kí olúkúlùkù wọn mú orúkọ kan dání láti inú ìwé Freetown, orúkọ tí ó ti tú, tí ó sì ti fi àmì ohùn sí. Bí wọ́n bá dé etí kànga ní Gberefu, kí wọ́n dúró, kí wọ́n pe àwọn orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kọjá sí òkun.